Ìkúnlẹ̀ Tí Wọ́n Kọ Sínú Ìwé Ìlànà

Nínú gbogbo ohun tó kó mi nírìíra lójú ọ̀nà àtidi dókítà, ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìgbẹ́ kò sí níbẹ̀, egbò tó ń rùn kò sì sí níbẹ̀. Àwọn yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé ni ìyá mi ń ṣe láti ìgbà tí a ti dé New York, láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo sì ti ń tẹ̀ lé wọn lọ ní Sátidé sílé bàbá arúgbó kan ní àdúgbò Highbridge, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dúbúlẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tí kò lè dìde padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Mo mọ òórùn ìtọ̀ tó ti gbẹ mọ́ aṣọ. Mo ti fi ọwọ́ ara mi nu ìdí ẹni tí wọ́n bí kí wọ́n tó bí bàbá mi, mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì, ìrẹsì náà sì dùn.

Ọ̀fíìsì ni ìríra tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gba àwa tó fẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nímọ̀ràn. Ó ní ike súìtì kan lórí tábìlì, ó sì ní ẹ̀rín kan tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó ti wù kí ọ̀rọ̀ burú tó. Ó bi mí pé wákàtí mélòó ni mo ti lò pẹ̀lú aláìsàn. Mo sọ ti bàbá Highbridge fún un, ọdún mẹ́rin gbáko. Ó bi mí pé ta ló fọwọ́ sí i. Mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i, ìyá mi ni mo ń bá lọ. Ẹ̀rín náà ò yẹ̀. Ó ní ìyẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní kà á. Ìrànlọ́wọ́ inú ẹbí ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ó ní kí n lọ wá ilé ìwòsàn tí wọ́n á ti máa kọ wákàtí mi sílẹ̀, kí n sì wá lábù tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí, kí ọ̀gá ibẹ̀ lè kọ lẹ́tà nípa mi. Láìsí lẹ́tà yẹn, ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ó wá na ike súìtì sí mi. Mo mú ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, mo tu ú dànù.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá wákàtí kiri nìyẹn. Mo kọ̀wé sí ilé ìwòsàn bíi mẹ́fà kí ọ̀kan tó gbà mí. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn ti làágùn sí lábíyá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti kẹ̀kẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ láti yàrá dé yàrá, kí n máa bu omi dídì sí kọ́ọ̀bù. Òfin kìn-ín-ní ni pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé ìgò ìtọ̀ sún mọ́ òun. Ìgò náà wà lórí fèrèsé, kò tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi. Ohun tí mo ti ṣe fún bàbá Highbridge ní àìmọye ìgbà ni. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo tẹ aago, mo pe nọ́ọ̀sì, mo dúró. Nọ́ọ̀sì ń sá sókè, ó ń sá sódò, òun nìkan ló wà fún yàrá mẹ́sàn-án. Kó tó dé, bàbá náà ti tọ̀ sára, ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Mo dúró tì í pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ sílé, wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi: wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn, wọ́n kà á.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbẹ̀ tún burú ju òfin lọ. Tí a bá jókòó láti jẹun, ohun tí oníkálukú ti fojú rí ni wọ́n máa ń sọ. Ọmọbìnrin kan ń fọ́nnu pé ojú òun ni ìyá kan ṣe kú, pé òun máa fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ tí òun máa fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Òmíràn ní orí ire ló ní, òun ti lo oṣù márùn-ún, ẹnikẹ́ni ò tíì kú lójú òun. Ṣìọ̀! Mo kó oúnjẹ mi kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́: nígbà tí mo délé, mo gbìyànjú láti fi bàbá tó tọ̀ sára bẹ̀rẹ̀ àròkọ tèmi. Mo kọ ọ́ dé ìdajì ojú ìwé kí ojú tó tì mí.

Ti lábù ló wá le jù. Ogójì dókítà ni mo kọ lẹ́tà sí lórí kọ̀ǹpútà. Mẹ́tàdínlógójì ò fèsì. Àwọn méjì ní kò sí àyè. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kí n wá, kì í sì í ṣe máàkì mi ló wù ú. Mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà pé mo gbọ́ Yorùbá dáadáa, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ dé. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti kíndìnrín àwa tá a wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tá a ń gbé ní New York. Ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, ó fẹ́ ìtọ̀ wa, ó fẹ́ itọ́ ẹnu wa nínú ike kékeré. Ó ti ń wá a fún ọdún kan, àwọn èèyàn wa ò dá a lóhùn. Ó mú mi jókòó, ó ní bí mo bá lè kó èèyàn wá fún òun, òun máa kọ lẹ́tà tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó máa lè kọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fi ìyẹn ṣe àmín.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo gbé tábìlì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn, mo to báírò àti fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí sórí rẹ̀. Àwọn ìyá ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọjá.

“Ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ta ni?” ọ̀kan nínú wọn sọ. “Ọmọ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ tèmi, inú mi ló wà, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́.”

Lẹ́yìn náà ni Màmá jáde. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn làgbà láàárín àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, àwọn náà ti ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó títí eékún fi ní ó tó. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí mo kéré, kí ìyá mi tó ti ibi iṣẹ́ dé. Bí mo ṣe rí wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí mo ṣe máa ń ṣe. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ro nǹkan kan.

“Ahn-ahn! Dókítà mi! Dìde jàre, floor yẹn tutù. Kí ni wọ́n ní ká ṣe?”

“Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, Mà. Fún research tí mò ń ṣe ní school ni. Lórí high BP.”

“Ṣé ó máa help ẹ?”

“Ó máa help mi gan-an, Mà.”

“Ibo ni ká ti sign?”

Wọ́n fọwọ́ sí i láìṣí ojú ìwé kan. Wọ́n wá yíjú sáwọn tó kù. “Ẹ wá o! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wá sign fún ọmọ wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀.” Àwọn ìyá tò. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí mi ò lè kúnlẹ̀ fún ẹnì kan kí n nàró fún ìkejì. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, mo ti gba ènìyàn mẹ́tàdínlógún.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ níwájú àgbà tí kò tíì dìde, àgbà kì í fi í sílẹ̀ kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ gbà, wọ́n á wá béèrè lẹ́yìn. Kò sí ìyá kan tó fọwọ́ sí ìwádìí lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni wọ́n fọwọ́ sí, kí n lè di dókítà, kí wọ́n lè máa sọ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ni.

Ojú ìwé mẹ́rìnlá ni fọ́ọ̀mù náà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Èmi ló yẹ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fi ṣe é: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ìtọ̀ díẹ̀, kò ní dùn yín. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ò ní fún ẹnikẹ́ni ní èsì ohun tá a bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo fò ó ni, torí mo mọ̀ pé bí mo bá kà á sókè, àwọn ìyá á béèrè pé kí ni wọ́n wá ń fà á fún.

Nígbà tí mo kó fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún dé lábù, inú ọ̀gá dùn débi pé ó dìde dúró. Ó ní kí ni mo ṣe. Bí òmùgọ̀, mo sọ fún un. Ó ní kí n fi han òun. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀fíìsì rẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ tábìlì àti apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, òun jókòó, ó ń wò mí, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe, kí òun lè rí ibi tí ọwọ́ mi wà. Mo tún un ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti wà nínú ìwé ìlànà iṣẹ́ wa. Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí òṣìṣẹ́ fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, kí ó wo ilẹ̀, kí ó fi ọwọ́ méjèèjì na báírò sí àgbàlagbà, kó má sì dìde títí àgbàlagbà yóò fi gbà á. Mo kà á tán. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìgbátí ni ìyá mi fi kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ yẹn ní Ìbàdàn kí n tó mọ ìwé kà. Ó wá di ìgbésẹ̀ kẹrin, lẹ́yìn fífọ ọwọ́, ṣáájú fífa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n tún gbé e lọ sí ìpàdé àwọn oníwádìí. Ọ̀gá tẹ páálí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó fi fọ́tò mi sí i, èmi lórí eékún, tí mò ń na báírò sí àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Àwọn dókítà àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá ń dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ wàràkàṣì tí wọ́n fi igi tín-tìn-tín gún, wọ́n ń ní ó mà dára o, ẹ wo ọ̀wọ̀, ẹ wo àṣà. Ọ̀kan bi mí bóyá ó máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Ghana. Èérún wàràkàṣì wà létè rẹ̀. Ó wù mí kí n nù ún fún un, ó tún wù mí kí n gbá a létí. Mo ní mi ò mọ̀, sà.

Ọmọkùnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà, ọmọ dókítà, ọmọ ọmọ dókítà, òyìnbó ni. Kò burú o. Ìgbọràn ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá tán, wọ́n ní kí àwa méjèèjì padà lọ gba itọ́ ẹnu lọ́wọ́ wọn, ilé Màmá la sì kọ́kọ́ lọ. A gun àtẹ̀gùn òkúta tó gba àárín ilé kọjá lókè Highbridge, ó ń mí hẹlẹ lẹ́yìn mi. Bí Màmá ṣe ṣílẹ̀kùn, ọmọkùnrin yìí fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, gbì! Ó wo ilẹ̀, ó na ike itọ́ síwájú.

Ní tiwa, ọkùnrin tó bá fẹ́ kí àgbà, ìdọ̀bálẹ̀ ló ń ṣe. Ọkùnrin tó bá wá fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbà, ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀, ohun tó ṣe ò sì ní kéré. Màmá fà sẹ́yìn.

“Yéè! Kí ló ṣe?” wọ́n bi mí. “Kí ló bà jẹ́? Ṣé ó fún ẹ lóyún ni?”

“Rárá o, Mà! Wọ́n ní kó kí yín ni.”

“Kó kí mi báwo? Ní kó dìde, àwọn neighbor ń wò wá.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. “My son, stand up. Whatever you did, I have forgiven you.”

Ó yíjú sí mi, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ohun tó wà nínú ìwé ló ṣiṣẹ́. Màmá tutọ́ sínú ike rẹ̀ nítorí àánú. Nínú àkọsílẹ̀ tó ṣe lọ́jọ́ yẹn, ó kọ ọ́ pé ìgbésẹ̀ kẹrin gbéṣẹ́ gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ẹ̀rín ọ̀hún kan lẹ́nu mi, nítorí ohun tí Màmá sọ kí á tó kúrò nílé wọn.

“Dókítà mi, result ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́?”

“Ó máa pẹ́ díẹ̀, Mà.”

“Kò burú. Mo ti cancel appointment mi ní clinic. Ẹ̀jẹ̀ wo ni wọ́n tún fẹ́ fà lára mi? Ẹ̀yin ti fà á, ọ̀dọ̀ yín sì ni àwọn big doctor wà. Tí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, ṣebí ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ fún mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà,” ni mo wí. Ọmọkùnrin náà bi mí lórí àtẹ̀gùn pé kí ni Màmá ń sọ. Mo ní wọ́n ń ṣàdúrà fún wa.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá ní kí n máa tẹ àwọn nọ́ńbà tó jáde látinú ẹ̀jẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí orúkọ níbẹ̀, àmì nìkan ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lẹ àmì mọ́ ike lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, Màmá sì ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó. Àmì wọn ló wà lókè pátápátá. Mo wo nọ́ńbà kíndìnrín wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti kàwé tó láti mọ̀ pé kíndìnrín tó ń kú lọ ló ń ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Mo rántí ẹsẹ̀ wọn tó wú jáde létí bàtà, tí wọ́n ní bàtà ló fún àwọn. Ọjọ́ Ẹtì ni.

Mo gbé e tọ ọ̀gá lọ. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ó ní lábù wa kì í ṣe èyí tí ìjọba fún láṣẹ láti sọ èsì fún aláìsàn. Ó ní ojú ìwé kẹsàn-án ti ṣàlàyé rẹ̀, olúkúlùkù sì ti fọwọ́ sí i. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé mo so àmì pọ̀ mọ́ ènìyàn, ìwádìí náà máa bà jẹ́, èmi náà á sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun ti ń kọ lẹ́tà mi lọ́wọ́, ó kù díẹ̀, kí n fara balẹ̀.

Kò le rárá, ẹ gbọ́. Mi ò nílò láti tú àṣírí kankan. Gbólóhùn kan péré ni: Màmá, ẹ padà lọ rí dókítà yín. Ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ Màmá. Wọ́n á béèrè ìdí, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á mọ̀. Wọ́n á wá pe nọ́ńbà lábù wa tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti sọ fún àwọn, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo bá sọ fún ara mi pé kí lẹ́tà kọ́kọ́ lọ. Kíndìnrín tó ti ń kú láti ọdún mélòó kan, kí ni ọjọ́ díẹ̀ fẹ́ fi ṣe? Irú ìṣirò tí mo ṣe nìyẹn, èmi tí mo ń kó oúnjẹ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń wá ẹni tó máa kú lójú wọn.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi méjì bọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde kí Màmá má baà rí mi. Òórùn ara mi ń sú mi. Mo ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀bá òkú dé.

“Màmá ní o ò kí àwọn,” ìyá mi sọ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìsinmi kejì. “Last week náà, bẹ́ẹ̀ lo ṣe. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín wá fún ẹ, wọ́n tún gbé e padà. Kí ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì?”

“Kò sí nǹkan, Mọ́mì. Exam ni.”

“Exam ni kì í jẹ́ kí èèyàn kí àgbà?”

Mo kọjú sí fèrèsé.

Kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí kí n tó sọ bí mo ṣe lọ. Lẹ́tà náà dára, mo sì ti wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí. Màmá wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń wá gbé wọn láàárọ̀. Bóyá ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ba nǹkan jẹ́ sí i, bóyá kò bà á jẹ́, mi ò mọ̀. Àwọn tó lè sọ fún mi ni mò ń jókòó níwájú wọn ní kíláàsì lójoojúmọ́. Mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdé ni mo rí i lórí kọ̀ǹpútà pé lẹ́tà ọ̀gá ti wọlé sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí mo kọ̀wé sí. Mo wọ bàtà, mo sáré. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi jókòó, mo wá ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ẹni pé ilé ń jó. Mo bá Màmá lórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn nínú bàsíà omi gbígbóná oníyọ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ sí clinic yín. Lọ́la ni, ẹ má jẹ́ kó di next week. Kidney yín ni. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tá a fà.”

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú omi, wọ́n wò ó.

“Kidney.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ìgbà wo lo rí i?”

Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú. “Àná ni, Mà.”

“Àná!” Omi lé ròrò sí wọn lójú. “O rí i lánàá, o ti dé lónìí. Olúwa, ẹ ṣé. Ẹlòmíì á ti gbé e pamọ́.” Wọ́n na ọwọ́ mú fóònù, wọ́n pe ìyá mi, wọ́n gbé e sí speaker. “Ìyá Dókítà! Ọmọ ẹ gba ẹ̀mí mi là o! Kidney ni wọ́n rí. Àná ló rí i, kò jẹ́ kó pẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi!”

Ibi iṣẹ́ ni ìyá mi wà. Mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lẹ́yìn wọn, níbi tí wọ́n ti ń wẹ bàbá Highbridge.

“Àná?” ni wọ́n wí. Èmi ni wọ́n ń bi, èmi tí mi ò kí Màmá lọ́jọ́ Ìsinmi méjì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

Wọ́n pa omi náà.

“Ó dáa,” wọ́n ní. “Bá Màmá pe clinic kí o tó kúrò níbẹ̀. Tó o bá délé, má dúró dè mí láti jẹun.”